Ìpín Àgbàlagbà Nínú Ayọ̀ Ọdún

Nínú gbogbo ìkíni tí Yorùbá ń kí ara wọn lọ́jọ́ ọdún, bóyá ni a lè rí èyí tí ó wúwo tó Àṣèyí-ṣàmọ́dún. Ọmọdé a sọ ọ́ fún àgbà, àgbà a sì dá a padà fún ọmọdé. Olúkúlùkù a fi ẹ̀rín gbà á, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ọdún tí ń bọ̀ bá òun láyé. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìkíni yìí ti máa ń há ènìyàn lọ́fun. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yàrá tí arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún dùbúlẹ̀ sí, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún lára a máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá sọ pé àṣèyí-ṣàmọ́dún, ṣé kì í ṣe irọ́ ni òun ń pa? Bí òun kò bá sì sọ ọ́, ṣé kì í ṣe pé òun ti sin ẹni tí kò tíì kú?

Ìṣòro yìí kò mọ sí orí ìkíni nìkan. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpín. Kí ni ìpín ẹni tí kò lè jó, tí kò lè jẹun bí ti àtijọ́, tí kò sì lè dáhùn bí a bá kí i, nínú ayọ̀ tí gbogbo ilé ń yọ̀? Àwọn kan yóò ní ìpín rẹ̀ ni kí a tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kí a wẹ̀ ẹ́, kí a fún un ní oògùn, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi. Ìtọ́jú dára, kò sì sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú. Àgbò tí a so mọ́lẹ̀ de Iléyá ń jẹ, ó ń mu, a sì ń wẹ̀ ẹ́; ohun tí àgbò kò ní nínú ọdún ni ìpín, àfi bí ẹnì kan bá fẹ́ pe ọ̀bẹ ní ìpín. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí à ń ṣe fún àgbò àti ohun tí à ń ṣe fún baba.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Ouagadougou, tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hamdalaye. Láti inú gbólóhùn Lárúbáwá tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀ ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ti Ọlọ́run ni ọpẹ́. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àdúgbò kan ń jẹ́ orúkọ yìí ní Bamako, òmíràn ń jẹ́ ẹ ní Conakry. Òun náà ni Seku Amadu fi sọ ìlú tí ó tẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 1820, èyí tí ó di olú-ìlú ìjọba Fúlàní ti Masina, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Málì lónìí. Yorùbá kì í sì í ṣe àjèjì ní Ouagadougou. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn oníṣòwò wọn ti ń ná ọjà ibẹ̀, ọ̀nà sì tún là sí i nígbà tí ojú irin tí ó ti Abidjan wá wọ ìlú náà ní ọdún 1954. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ọkọ̀ ojú irin dé ní àkókò yẹn pẹ̀lú ẹrù aṣọ ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ lónìí, bí ó bá ṣì wà láyé. Kí a fi ojú inú wo ilé irú baba bẹ́ẹ̀ ní Hamdalaye ní òwúrọ̀ Iléyá, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní Tabaski.

Èrò kì í wọ́n ní ilé lọ́jọ́ ọdún ní ìlú náà. Kìrìsìtẹ́nì máa ń wá kí Mùsùlùmí ní ọjọ́ Tabaski, Mùsùlùmí a sì lọ kí Kìrìsìtẹ́nì nígbà Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti fi amọ̀ mọ ilé kékeré sí ẹnu ọ̀nà wọn ní ìrántí ibùjẹ ẹran tí a tẹ́ Jésù sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ baba tí ó wà ní yàrá kò lè fara sin. Kí àlejò àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn, ilé gbọ́dọ̀ ti pinnu ohun tí wọn yóò ṣe.

Ilé mìíràn a ti ilẹ̀kùn yàrá náà, wọn a sì fa aṣọ ìkélé bò ó. Wọn a ní kí ojú má baà ti baba ni, nítorí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ojú ń tì gan-an. Ilé mìíràn a pa ọdún rẹ́ pátápátá: wọn kò ní gún iyán, wọn kò ní tan rédíò, wọn a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé òkú wà nílẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń bù fún un. Ṣùgbọ́n baba tí ó dùbúlẹ̀ ń gbọ́ kábárà láti mọ́sálásí, ó ń gbọ́ igbe àgbò láti ilé kejì, ó sì mọ̀ pé nítorí òun ni ilé òun nìkan ṣe dákẹ́ ní gbogbo Hamdalaye. Ẹrù mìíràn ni wọ́n tún dì lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan tún wà tí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n lọ. Wọn a wọ agbádá tuntun fún baba láti àárọ̀, wọn a gbé e sí àárín àgbàlá, àlejò kọ̀ọ̀kan a wá jókòó tì í kí a ya àwòrán wọn, ẹran á kún àwo níwájú rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìdí rẹ̀ ti tutù, kò sì sí ẹni tí ó ṣàkíyèsí, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń wo agbádá. Ilé tí ó ti ilẹ̀kùn àti ilé tí ó gbé baba síta jọ ara wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ: kò sí èyí tí ó bi baba léèrè ohun tí ó fẹ́.

Ìdí tí a kì í fi í bi í léèrè ni pé a ti gbà pé kò sí ìdáhùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni òwe ńlá kan tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ti ń dá kún ìṣìnà náà láìmọ̀. Amadou Hampâté Bâ, ọmọ ilẹ̀ Málì, ni ó sọ ní ilé àpérò UNESCO ní ìlú Paris ní ọdún 1960 ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀, pé bí àgbà kan bá kú ní Áfíríkà, ó dà bí ìgbà tí ilé ìkàwé kan jóná. Ọkùnrin yìí mọ Ouagadougou. Akọ̀wé ìjọba ni ó jẹ́ níbẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀, láàárín ọdún 1920 sí 1930. Òun àti Jacques Daget ni wọ́n jọ tẹ ìtàn ìjọba Masina jáde ní ọdún 1955, ìtàn ìjọba tí Hamdallahi jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ni ó sì ti gba ìtàn náà. Ẹni tí ó ti rí irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà ní ẹ̀tọ́ láti kígbe kí ó má baà ṣègbé. Kò sí àléébù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tún un sọ láìronú ti fi òkúta kan kọ́ àgbà lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún un, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ètè bá pa dé? Ilé ìkàwé kò tíì jóná, ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni ó há. Ṣé ọ̀wọ̀ náà yóò dúró níta títí a ó fi rí kọ́kọ́rọ́ ni? Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni kò mọ ìtàn ìjọba kankan, ata ni wọ́n tà títí ọjọ́ alẹ́ fi dé. Àwọn náà sì ní ìpín wọn nínú ọdún. Iyì tí a fún ènìyàn nítorí ohun tí ó lè fún wa jẹ́ irú iyì tí à ń fún màlúù tí ó ní wàrà lọ́mú. Òwe Yorùbá tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò mẹ́nu kan ìmọ̀ rárá. Ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ níí mu.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, kì í ṣe òtítọ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti di ẹni tí kò mọ nǹkan mọ́. Ní ọdún 1861, oníṣègùn kan ní Paris tí ń jẹ́ Paul Broca ṣe àyẹ̀wò ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju “tan” lọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, “tan, tan” ni yóò wí, títí wọ́n fi ń fi í pè é ní orúkọ. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bá a sọ, ó sì ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí ó kú, Broca wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì rí i pé apá òsì rẹ̀ níwájú ni ó bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé sísọ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yé ni lọ́tọ̀. Àwọn kan wà tí àrùn náà gba òye ọ̀rọ̀ pẹ̀lú lọ́wọ́ wọn. Irọ́ ni yóò jẹ́ láti sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ baba níwájú baba, tí ó ń ka iye owó tí àìsàn rẹ̀ ti gbé lọ sí etí àlejò, kò mọ irú ẹni tí ó wà lórí ibùsùn náà nínú méjèèjì. Yorùbá ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn lásán ni fún ẹni tí ojú nìkan kù fún.

Àwọn oníṣègùn ti fi yé ni pé àrùn yìí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé apá kan ọpọlọ, yálà nítorí pé nǹkan dí iṣan tí ń gbé e lọ, tàbí nítorí pé iṣan náà bẹ́. Ìwádìí ńlá tí a ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, fi ẹ̀jẹ̀ ríru sí ipò kìíní nínú ohun tí ń fà á, ó sì ka àìjẹ ẹ̀fọ́ dáadáa mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá tún ń wá àjẹ́ kiri lórí rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí apá ọ̀tún ara, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń darí apá òsì. Ohun kan wà tí ó ya ni lẹ́nu nínú èyí. Nígbà tí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún ọpọlọ ni ó bàjẹ́, aláìsàn mìíràn kì í ka ohun tí ó wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ là sílẹ̀ gbangba. A lè gbé oúnjẹ sí i lápá òsì kí ó jókòó tì í pẹ̀lú ebi. Ọmọ lè ti Ìbàdàn rin ìrìn-àjò wá, kí ó jókòó sí apá yẹn, kí ó sì sọkún pé baba òun kò mọ òun mọ́. Bí ó bá ṣí ìjókòó rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, baba yóò rí i.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni Yorùbá fi ń bá ọ̀jẹun wí, ṣùgbọ́n nínú àrùn yìí òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀fun ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, kí oúnjẹ ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Omi lásán a máa léwu ju ẹ̀kọ tí ó ki lọ, nítorí pé ó ń sáré. Àwo ẹran dídín lọ́jọ́ ọdún, àti zoom-koom, ohun mímu tí àwọn Mossi ń fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà tàbí jéró pò fún àlejò, lè di ikú lọ́wọ́ ọmọ tí ó fẹ́ràn baba rẹ̀. Kí a gbé e jókòó ṣánṣán, kí a fi ṣíbí kékeré fún un, kí a dúró kí ó gbé e mì kí a tó bu òmíràn, kí a sì dáwọ́ dúró bí ó bá wúkọ́ tàbí bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí a fi tó oníṣègùn létí. Iyọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ pọ̀. Àwọn ìbátan a máa wo obìnrin tí ó bá gún ẹran baba kúnná, tí ó sì pò ó mọ́ ọbẹ̀ tí ó ki, bí ahun. Wọn a ní, “Ọdún ni o, ẹ jẹ́ kí Bàbá jẹ ẹran!” Ní òótọ́, òun nìkan ni ó pín ẹran fún baba nínú gbogbo wọn; àwọn yòókù kàn gbé ẹran síwájú rẹ̀ ni.

Ìpín ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè Yorùbá. Ó jẹ́ ẹran tí a gé fún ènìyàn, ó sì tún jẹ́ ohun tí ènìyàn yàn láti òde ọ̀run. Bóyá nítorí èyí ni ó fi máa ń dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ láti rí i pé a pín nǹkan kọjá òun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ ni pé olórí ilé kì í gba ìpín nìkan, òun ni ó ń pín. Fún àádọ́ta ọdún baba yìí ni ó ń sọ pé kí wọ́n gbé itan kan lọ fún aládùúgbò, kí wọ́n fún ìyàwó kékeré ní igẹ̀, kí wọ́n bu ti aláìní sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkòkò. Nígbà tí àìsàn dé, gbogbo ènìyàn ló ń ronú ohun tí a ó fún un. Kò sí ẹni tí ó ronú pé a ti gba iṣẹ́ fífúnni lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó ń gbà ṣáá tí kò sì fúnni kò sí nínú àjọpín mọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣòro láti dá padà fún un. Òfin ẹ̀sìn gbà kí ẹlòmíràn dúńbú àgbò lórúkọ onílé. Ọmọ lè mú ọ̀bẹ, kí ó sì wá gba àṣẹ lọ́wọ́ baba kí ó tó jáde, kí baba fi ọwọ́ tí ó kù fún un kan apá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwo ẹran mẹ́ta wá síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, ó lè mi orí tàbí kí ó tọ́ka. Yóò pẹ́ díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Ó lè tọ́ka sí ilé ẹni tí wọ́n ń bá jà. Kí wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé tí ń ti ilé dé ilé kí àwọn àgbà kú ọdún a máa retí owó ẹyọ sẹ́fà díẹ̀; kí a kó owó náà sí ọwọ́ baba, kì í ṣe sí ọwọ́ ẹni tí ó dúró tì í, kí ọmọ sì kúnlẹ̀ kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni yóò fi fún wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì fẹ́ dí i lọ́wọ́ nítorí èyí. Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì fúnni ní nǹkan, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ọwọ́ ìjẹun. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ìjọba Thomas Sankara pa orúkọ Haute-Volta tì ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1984, tí wọ́n sì sọ ilẹ̀ náà di Burkina Faso, inú èdè Júlà ni wọ́n ti mú Faso, tí ó túmọ̀ sí ilé baba. Nínú ilẹ̀ tí ń jẹ́ ilé baba yìí ni arúgbó náà ti ń fi ọwọ́ òsì júwe. Èèwọ̀ náà kò wà fún un. Ẹni tí ó ní ọwọ́ méjèèjì, tí ó sì yan èyí tí kò níyì láti fi tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ń gbà á, ni àwọn baba bá wí. Àánú àti ọ̀wọ̀ ni ó bí èèwọ̀ yẹn, kò sì yẹ kí a fi í gba àánú àti ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó nílò wọn jù. Ọmọdé tí ó bá béèrè ìdí tí bàbá àgbà fi lo ọwọ́ òsì ti bèèrè ohun tí ó dára, kí a sì dá a lóhùn níwájú baba náà, láìfi ohùn pamọ́.

Ó tún kù kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹkún. Àrùn yìí a máa tú ìjánu ẹkún àti ti ẹ̀rín lára àwọn mìíràn, débi pé bí wọ́n bá rí ọmọ-ọmọ wọn nínú aṣọ ọdún, wọn a bú sẹ́kún, tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí a ń ròyìn ikú. Àwọn ilé kan tìtorí ẹkún bẹ́ẹ̀ gbé baba padà sínú yàrá, wọ́n ní ọdún ń bà á nínú jẹ́. Bóyá ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń sunkún, tí ọkàn rẹ̀ kò sì sunkún. Kí a nu ojú rẹ̀, kí a dúró díẹ̀, kí a sì wo bóyá yóò fẹ́ kí a máa bá a lọ. Àwọn Mossi ní àṣà ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní rakiire. Mossi àti Samo a máa bú ara wọn tayọ̀tayọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú, àní níbi òkú pàápàá. Ọ̀rẹ́ baba tí ó bá wọlé lọ́jọ́ ọdún, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u bí ó ti ń bú u láti ọgbọ̀n ọdún wá, lè ṣe é ní oore ju ẹni tí ó dúró ti ẹsẹ̀ ibùsùn tí ó ń mí kanlẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Olof Dalin, ará Swídìn, kọ sílẹ̀ ní ọdún 1745, nípa ọkùnrin kan tí àìsàn pa lápá ọ̀tún tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí ó lè kọ orin ìsìn tí ó ti mọ̀ kí àìsàn tó dé, bí ẹnì kan bá ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Àdúrà tí ó ti mọ́ ẹnu lára láti kékeré, orin, kíka iye, ìkíni, àwọn wọ̀nyí a máa wà nílẹ̀ nígbà tí orúkọ ọmọ bíbí inú ẹni ti sọnù. Baba tí kò lè pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ lè bá wọn gbé kábárà ní òwúrọ̀ Iléyá, bí ẹnì kan bá jókòó tì í tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ohun tí kò lè dá ṣe ni bíbẹ̀rẹ̀.

Àṣèyí-ṣàmọ́dún ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìsọtẹ́lẹ̀, irọ́ ni lẹ́nu gbogbo ènìyàn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ àmọ́dún. A sì ń sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ láìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ a máa kú. Àdúrà ni. Ẹni tí ó gbà á kò gba ìlérí, ó gba ẹ̀rí pé ẹni tí ó kí òun ń fẹ́ kí òun wà. Ìdí nìyí tí yíyọ ọ́ kúrò nínú ìkíni arúgbó fi burú: ohun tí dídákẹ́ náà ń wí ni pé wíwà rẹ̀ ti tó. Àwọn àgbà kan wà ṣá, tí ó ti rẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ lọ, tí ojú wọn ń sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Fún irú wọn, Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. A lè wí pé alẹ́ yóò san wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì wo ojú baba kò lè mọ èwo ni ó yẹ.

Gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, fífi ṣíbí bọ́ baba, dídúró kí ó tọ́ka, bíbẹ̀rẹ̀ kábárà, gbígbé e sọ́tùn-ún sósì ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i lára, ẹnì kan ni ó ń ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin ni: ìyàwó ọmọ, tàbí ọmọbìnrin tí ó ti ilé ọkọ padà wá. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí ìsinmi bá nílé. Olùkọ́ tí ó bá ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe lo ọdún yóò rí ìwé tí ó kún fún ẹran àti aṣọ. Ọmọ tí ó jókòó ti ìyá àgbà lọ́jọ́ náà kì í mọ̀ pé òun ní ohun kan láti kọ. Àwọn ìbátan a dé pẹ̀lú ẹ̀bùn, wọn a ní, “Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run á san án fún yín,” wọn a jẹun, wọn a lọ. Wọn a máa rán obìnrin náà létí pé Kùránì kọ̀ fún ọmọ láti mí kanlẹ̀ sí òbí tí ó ti darúgbó. Òótọ́ ni, ó wà nínú súrà kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ni àṣẹ náà bá wí, kò dárúkọ ẹni tí ó wà nílé nìkan. Ó rọrùn láti má ṣe mí kanlẹ̀ sí baba tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọdún kò sì kúrú tó bí a ṣe rò. Nínú ìlànà Màlíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, a lè dúńbú ẹran Iléyá ní ọjọ́ ọdún gan-an, ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ kẹta. Àyè wà. Ọmọkùnrin tí ó lọ sí yídì lọ́jọ́ kìíní lè jókòó ti baba rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mú un dìde, bí a ṣe ń gún ẹran rẹ̀, àti apá ibi tí ó yẹ kí a jókòó sí kí ó lè rí ni. Kí wọ́n dá àgbò kan sí di ọjọ́ yẹn, tàbí itan kan bí agbára kò bá ká àgbò méjì. Kí obìnrin náà wọ aṣọ rẹ̀, kí ó jáde lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òpin àdúgbò, kí ó pẹ́ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi fóònù pè é láti bèèrè ibi tí ó kó aṣọ ìnura sí.